Òkè Ìkẹ́rẹ́, Ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ àti Kámẹ́rà Arìnrìnàjò

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Wọ́n tún ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe méjèèjì ń gbà wá níyànjú pé kí á dìde nílé, kí á lọ fi ojú ara wa wo ayé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì yóò rí ibi tí òwe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé. Bí ọkọ̀ bá ti ń wọ Ìkẹ́rẹ́, àpáta ńláńlá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn orùlé ilé. Àwọn èrò ọkọ̀ yóò yọ fóònù síta, wọn yóò nà án sójú fèrèsé, wọn yóò ya àwòrán. Kí ọkọ̀ tó jáde nílùú, ó ti parí. Bí o bá wá bi wọ́n léèrè pé, "Kí ni orúkọ òkè tí ẹ yà yẹn?" ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dákẹ́.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ènìyàn ya àwòrán ibi tó dára. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé láti ohun tó lé ní 100 ọdún ni àwọn arìnrìnàjò ti ń wo ilẹ̀ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré. Kí ni wọ́n rí? Kí ni wọ́n gbé lọ? Kí ni wọ́n fi sílẹ̀? Ìbéèrè kan sì tún wà tí a kì í sábà bi ara wa: nígbà tí àlejò ń wò wá, ǹjẹ́ ẹnì kan nínú wa ń wo òun náà?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ náà. Àpáta ló yí Ìkẹ́rẹ́ ká. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Olósùnta àti Òrólè. Àwọn onímọ̀ nípa òkúta sọ pé irú àpáta tó wà ní agbègbè yìí ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti kọ́kọ́ wà, nínú ooru tó pọ̀ gidigidi, kó tó tutù, kó sì le. Òjò àti oòrùn wá ń ṣí ilẹ̀ tó bò ó kúrò díẹ̀díẹ̀, títí àpáta fi yọ orí síta. Nítorí náà, òkè kò hù láti ilẹ̀ bí igi. Ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ló lọ, òun ló kù.

Bí a bá fi Ìkẹ́rẹ́ sílẹ̀, tí a kọjú sí ìlà oòrùn lọ sí Ìsẹ̀ àti Ẹmùré, ojú ilẹ̀ yóò yí padà. Igbó àti oko kòkó ni yóò máa pàdé wa lọ́nà. Igbó ọba kan wà ní Ìsẹ̀ tí àwọn ìnàkí ṣì ń gbé inú rẹ̀. Ohun tí kò wọ́pọ̀ mọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn, nítorí pé ọ̀pọ̀ igbó tí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀ ti di oko, ó ti di ìlú. Ẹni tó bá ń wá ohun tó dùn ún wò ní gúúsù Èkìtì kò ní wá a tì: òkè wà, igbó wà, ààfin àtijọ́ náà wà.

Ṣùgbọ́n lójú ọmọ ìlú, òkè kì í ṣe ohun àwòyanu lásán. Olósùnta ní ọdún tirẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní Ìkẹ́rẹ́, Olúkẹ́rẹ́ sì ní ipa pàtàkì nínú ètò rẹ̀. Àwọn ènìyàn gbà pé òkè náà ń dáàbò bo ìlú. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ lè máà jẹ́ onísẹ̀ṣe, ó lè jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dárúkọ Olósùnta níbi tó jìnnà sí ilé, ọkàn rẹ̀ yóò sọ. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé àwọn tó kọ́kọ́ wo òkè yìí dáadáa ni àwọn tó fún un lórúkọ. Wọn kò ní kámẹ́rà. Orúkọ, ìtàn àti ọdún ìbílẹ̀ ni wọ́n fi pa ohun tí wọ́n rí mọ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ní ilẹ̀ yìí. Oníṣòwò ń rìn, ọdẹ ń rìn, ìránṣẹ́ ọba ń rìn. Nígbà ogun Èkìtìparapọ̀ pẹ̀lú Ìbàdàn, ìrìnàjò di ohun ewu, nítorí pé ẹni tó bá jáde nílé lè di ẹrú lọ́nà. Lọ́dún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Èkìtì. Ọ̀nà ọkọ̀ kò sí nígbà náà. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ó sì gba Òṣogbo kọjá lọ sí Ìlọrin, ṣùgbọ́n kò gba Èkìtì kọjá. Òyìnbó tó bá fẹ́ dé Ìkẹ́rẹ́ ní láti fi ẹsẹ̀ rìn, kó gun ẹṣin, tàbí kí àwọn ènìyàn gbé e lé èjìká bí ẹrù.

Ibí ni ìtàn ti dùn jù. Ní ìparí ọ̀rúndún 19, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Captain Ambrose wá sí Ìkẹ́rẹ́ láti kí Ọgọ́gà. Irú àwọn òyìnbó bẹ́ẹ̀ máa ń kọ ìwé ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wọn nípa ìlú tí wọ́n dé, òkè tí wọ́n rí àti ọba tí wọ́n bá sọ̀rọ̀. Wọ́n rò pé àwọn ni wọ́n ń wo ìlú. Wọn kò mọ̀ pé agbẹ́gilére kan yóò wo àwọn náà, tí yóò sì fi ohun tó rí sára igi.

Orúkọ agbẹ́gilére náà ni Ọlọ́wẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i, ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí ayé fi mọ̀ ọ́n sí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀. Ó jẹ́ ẹmẹsẹ̀ ní ààfin Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀. Bí òkìkí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń kàn, àwọn ọba mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè é. Láàrin ọdún 1910 sí 1914, ó ṣiṣẹ́ fún ààfin Ọgọ́gà ní Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ àwọn òpó àgbàlá ààfin, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn onílẹ̀ẹ́kùn méjì kan.

Lára ilẹ̀kùn yìí ni Ọlọ́wẹ̀ ti sọ ìtàn ìbẹ̀wò òyìnbó náà. Ní apá kan, Ọgọ́gà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé lórí, àwọn olorì àti àwọn ènìyàn ààfin sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní apá kejì, òyìnbó jókòó nínú àga tí àwọn ènìyàn gbé, àwọn tó bá a rìn wà pẹ̀lú rẹ̀, àwọn aláàárù sì ru ẹrù rẹ̀ sórí. Ọlọ́wẹ̀ kò gbẹ́ wọn pẹlẹbẹ. Ó jẹ́ kí wọ́n yọ síta lára igi débi pé orí àti ara wọn dà bí ẹni tó fẹ́ jáde wá bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Bí oòrùn bá tàn sí i, òjìji yóò ṣẹ́ sẹ́yìn wọn.

Ẹ jẹ́ kí á ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwòrán ìrìnàjò ni ilẹ̀kùn yẹn jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe arìnrìnàjò ló yà á. Ẹni tí wọ́n wá wò ló yà á. Nínú rẹ̀, ọba kò dìde láti lọ pàdé àlejò. Ó jókòó jẹ́ẹ́, àlejò ló ń bọ̀ wá bá a. Òyìnbó kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ọlọ́wẹ̀ rántí àwọn tó gbé e, ó sì fún wọn láyè lára igi gẹ́gẹ́ bí ó ti fún ọ̀gá wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn arìnrìnàjò òyìnbó kọ láyé ìgbà náà, òkè àti odò ni wọ́n yìn. Àwọn aláàárù tó gbé wọn gun òkè yẹn kì í sábà ní orúkọ.

Ní àkókò tí Ọlọ́wẹ̀ ń gbẹ́ igi, kámẹ́rà ti wà láyé. Lọ́dún 1839 ni wọ́n kéde ọ̀nà tí Daguerre gbà ń ya àwòrán fún gbogbo ayé ní Paris. Lọ́dún 1888, George Eastman gbé kámẹ́rà Kodak jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ fótò náà lè lò. Nígbà tó di 1900, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ta Brownie ní dọ́là 1 péré. Láti ìgbà náà ni arìnrìnàjò àti kámẹ́rà ti di ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá lọ sí ìlú òkèèrè fẹ́ mú ẹ̀rí bọ̀ wálé pé òun dé ibẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn fótò púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe fótò òkè àti igbó. Ènìyàn ni wọ́n ń yà. Bí o bá ṣí álíbọ́ọ̀mù àwọn òbí wa àgbà, ìyàwó àti ọkọ ni wàá rí, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí, bàbá arúgbó tó wọ agbádá tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ṣe ìwádìí lórí àwọn ayàwòrán Yorùbá ní Ìlá-Ọ̀ràngún lọ́dún 1975, rí i pé àwọn kan tilẹ̀ ń lo fótò dípò ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán mọ ọgbọ́n tí yóò dá tí èyí tó kù yóò fi yọ lẹ́ẹ̀mejì nínú àwòrán kan ṣoṣo. Ẹ rí i pé fótò kì í ṣe eré lọ́dọ̀ wa. Ohun ìrántí ni, ohun ìbọ̀wọ̀ fún ẹni tó lọ ni.

Ìdí wà tí òkè kò fi sí nínú álíbọ́ọ̀mù náà. Fíìmù wọ́n. Ẹni tó ní owó fótò kan ṣoṣo lọ́dún kò ní fi ya àpáta tó ń rí lójoojúmọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kò tíì ní àwòrán. Ohun tó dùn mọ́ni nínú ni pé nínú ilé fótò, aṣọ tí wọ́n kun àwòrán ọgbà, òdòdó tàbí ilé alájà sí ni wọ́n máa ń ta sẹ́yìn oníbàárà. Ènìyàn lè ti ilé tó wà lẹ́sẹ̀ òkè jáde, kó lọ jókòó síwájú ọgbà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Òkè gidi kò sí nínú àwòrán, nítorí pé kò sẹ́ni tó rò pé ó lè sọnù.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó fẹ́ sọ bí ìlú àti ilẹ̀ ṣe rí lo kálàmù dípò kámẹ́rà. Isaac B. Thomas, tó dá ìwé ìròyìn Akéde Èkó sílẹ̀ lọ́dún 1928, máa ń kọ ìròyìn ìrìnàjò rẹ̀ sínú ìwé náà fún àwọn òǹkàwé rẹ̀. D. O. Fágúnwà náà kọ ìwé Ìrìnàjò ní apá méjì nípa ìrìn tó rìn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá kọ ìrìnàjò sílẹ̀ kò lè ṣe bí ẹni tó kàn ya àwòrán. Ó ní láti béèrè orúkọ ìlú, kó béèrè orúkọ ọba, kó mọ iye ibùsọ̀ tó rìn. Kálàmù kì í jẹ́ kí ènìyàn yára kọjá.

Ẹlòmíràn wà tó so kámẹ́rà àti kálàmù pọ̀. E. H. Duckworth, tó jẹ́ alábòójútó ẹ̀kọ́, bẹ̀rẹ̀ ìwé kan fún àwọn olùkọ́ lọ́dún 1933. Ìwé náà ló di Nigeria Magazine. Ó rin ìrìnàjò káàkiri, ó ya àwòrán ìlú, odò, òkè àti iṣẹ́ ọwọ́, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde kí ọmọ ilé-ìwé ní ìlú kan lè mọ bí ìlú mìíràn ṣe rí. Kenneth Murray náà, tó di olórí ẹ̀ka ìjọba tó ń tọ́jú àwọn ohun àtijọ́ lọ́dún 1943, fi kámẹ́rà ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọnà kí wọ́n tó bàjẹ́ tàbí kí wọ́n tó kúrò nílẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, William Fagg tó ń ṣiṣẹ́ ní British Museum wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ya àwòrán àwọn òpó Ọlọ́wẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí ní ààfin Ìkẹ́rẹ́.

Kí ló dé tí àwọn àwòrán ààfin yẹn fi ṣe pàtàkì? Ìdí ni pé àwọn ohun tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún Ìkẹ́rẹ́ ti rin ìrìnàjò tiwọn. Lọ́dún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí àfihàn ńlá ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn British Museum rí i, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ọgọ́gà kò gbà láti tà á fún owó. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà wà ní British Museum títí di òní. Báyìí ni àwòrán òyìnbó tó rìnrìnàjò wá sí Ìkẹ́rẹ́ ṣe rìnrìnàjò padà sí ìlú òyìnbó.

Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Art Institute ti Chicago ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1984. Ó ga díẹ̀ ju mítà 1 àti ààbọ̀ lọ. Ọba jókòó, ẹyẹ wà lórí adé rẹ̀, ìyàwó àgbà sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga ju ọba fíofío. Ẹni tó bá wò ó níbẹ̀ yóò rí ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n òpó ni, a kò gbẹ́ ẹ kó lè dá dúró nínú yàrá funfun. A gbẹ́ ẹ kó lè wà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àgbàlá, kí orùlé wà lókè, kí ọba gidi jókòó nítòsí, kí àlejò rí ọba igi àti ọba ẹlẹ́ran ara pa pọ̀. Fótò tí wọ́n yà ní ààfin nìkan ló lè fi ìyẹn han ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí òpó ti lọ. Èrè tí kámẹ́rà ṣe fún wa nìyí, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí kámẹ́rà kò lè yà. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí orúkọ Ọlọ́wẹ̀ tó di ohun tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní òkèèrè. Ọlọ́wẹ̀ ti kú lọ́dún 1938. Àwòrán òpó kò lè sọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ òpó. Ta ló pa orúkọ náà mọ́? Àwọn ará ilé rẹ̀ ni. Lọ́dún 1988, ọ̀jọ̀gbọ́n John Pemberton gba oríkì Ọlọ́wẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ tó ṣì wà láàyè. Àádọ́ta ọdún ni ìyá náà fi pa oríkì ọkọ rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nígbà tí ilé ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington wá ṣe àfihàn iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan lọ́dún 1998, tí Roslyn Walker ṣètò rẹ̀, igi àti fótò nìkan kọ́ ló sọ ìtàn náà. Oríkì wà níbẹ̀ láti sọ irú ènìyàn tó jẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí nìyí. Ojú ń rí ẹwà, kámẹ́rà ń gbé ìrísí, ṣùgbọ́n ẹnu ló ń gbé orúkọ. Bí ọ̀kan bá kù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tí a mú bọ̀ láti ìrìnàjò kò pé.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣé dandan ni kí gbogbo ìrìnàjò di ẹ̀kọ́ ìtàn? Ṣé ènìyàn kò lè wo òkè kó kàn gbádùn rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Ìgbádùn kò burú, ó sì yẹ kí ojú sinmi lára ohun tó dára. Ẹni tó bá ti ọjà Àkúrẹ́ tó kún fún ariwo bọ̀, tó rí Olósùnta ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn ń wọ̀, kò nílò ẹnikẹ́ni láti ṣàlàyé fún un pé ó rẹwà. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹni tó mọ orúkọ ohun tó ń wò ń gbádùn rẹ̀ ju ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Bí a bá pàdé ènìyàn tó dára ní òde àríyá, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń fẹ́ mọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Kí ló dé tí a kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilẹ̀ tó bí wa?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà láyé nísinsìnyí ju bí ó ti kan àwọn baba wa lọ. Láyé tiwọn, fíìmù wọ́n. Láyé tiwa, àwòrán kò ní owó mọ́. Fóònù kan lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n àwòrán tó pọ̀ tí kò ní orúkọ dà bí ilé ìkàwé tí wọ́n ti fa ojú ìwé àkọ́kọ́ gbogbo ìwé rẹ̀ ya. Fóònù á bàjẹ́, olè á gbé e, àwòrán á lọ. Ilé alámọ̀ tó wà nínú àwòrán á wó, wọ́n á fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Àgbàlagbà tó mọ ìtàn ibẹ̀ á re ibi àgbà ń rè. Kódà àpáta kì í wà bákan náà títí. Ibi tí wọ́n bá ti ń fọ́ òkúta fún ọ̀nà àti ilé, ojú òkè kò ní rí bí ó ti rí mọ́ nígbà tí ọmọ inú àwòrán bá dàgbà.

Àwọn aládùúgbò wa ti fi ọ̀nà kan hàn wá. Láti ọdún 2007 ni òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Òndó ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà kún ohun ìní gbogbo ayé. Kì í ṣe gíga òkè nìkan ni wọ́n fi ń tọrọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti sọ ìtàn àwọn tó gbé lórí òkè náà, ààfin àtijọ́ wọn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gòkè, àti ìdí tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀. Ìlú tí kò bá ní àkọsílẹ̀, bí òkè rẹ̀ bá kan ọ̀run, kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ níwájú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mo dá àbá mẹ́ta fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti fún ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí wa. Àkọ́kọ́ ni pé kí á tó ya àwòrán ibi kan, kí á bèèrè. Àwọn ibi kan jẹ́ ojúbọ, àwọn ètò kan sì wà nínú ọdún ìbílẹ̀ tí kì í ṣe ohun ìyàwòrán fún gbogbo ènìyàn. Bí a bá kí àgbà ìlú pé, "Ẹ kú ilé o, bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè ya ibí?" kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì lè ṣí ilẹ̀kùn ìtàn tí a kò retí.

Ìkejì ni pé kí á kọ orúkọ sábẹ́ àwòrán wa: orúkọ ibi, orúkọ ìlú, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tó ṣàlàyé fún wa bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá wà nínú àwòrán, kí á má ṣe kà á mọ́ òkè bí ẹni pé òun náà jẹ́ òkúta. Ọlọ́wẹ̀ kò gbàgbé àwọn aláàárù. Àwa náà kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyá tó ń ta iṣu lẹ́bàá ọ̀nà tàbí ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú wa gòkè.

Ìkẹta kan àwọn ilé-ìwé. Nígbà tí ilé-ìwé bá kó àwọn ọmọ lọ wo Olósùnta, ààfin Ọgọ́gà, ìlú Ọlọ́wẹ̀ ní Ìsẹ̀, tàbí ààfin Ẹlẹ́mùré ní Ẹmùré, kí wọ́n má ṣe padà pẹ̀lú àwòrán ara wọn nìkan. Kí olùkọ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú àwòrán kan àti ojú ìwé kan wá, kí ojú ìwé náà sì ní ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ará ìlú. Kí wọ́n dì wọ́n pọ̀, kí wọ́n fi ẹ̀dà kan sí ilé ìkàwé, kí wọ́n fún ìlú ní ẹ̀dà kan. Ní ọdún márùn-ún, ilé-ìwé kan péré yóò ti ní ìwé ìtàn tí kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Chicago.

Àlejò lójú, kò fi ríran: òwe yìí kò sọ pé kí àlejò dijú. Ohun tó ń sọ ni pé kó béèrè lọ́wọ́ onílé. Captain Ambrose wá, ó lọ. Ọlọ́wẹ̀ wò ó, ó sì fi í sílẹ̀ fún wa lára igi, pẹ̀lú ọba tó wá kí àti àwọn tó gbé e wá. Fóònù wà lọ́wọ́ wa lónìí, òkè wà níwájú wa, àwọn àgbà tó mọ ìtàn rẹ̀ kò sì tíì tán. Kí á ya àwòrán náà, kí á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Òkè Olósùnta, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, pẹ̀lú ọjọ́ tí a dé ibẹ̀ àti ìtàn tí wọ́n sọ fún wa.